Sá Di Òkè: Àkànlò Èdè Gẹ̀ẹ́sì Kan àti Ìtàn Ìsádi ní Àríwá Èkìtì

Ìfáárà

Àkànlò èdè kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó máa ń dà bí ẹni pé kò lè fún ògbufọ̀ Yorùbá ní ìyọnu kankan: run for the hills. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni, kò sì sí èyí tó le nínú wọn. Ẹni tí ó ń kánjú á ní ‘sá lọ sórí òkè’ ni ìtumọ̀ rẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì bá kọ ọ́ pé àwọn olùdókòwò ti run for the hills nítorí pé náírà já wálẹ̀, kò sí òkè kankan níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sáré. Owó ni wọ́n kó kúrò. Bí a bá wá kọ ọ́ ní Yorùbá pé àwọn olùdókòwò sá lọ sórí òkè, ọmọ Ìfàkì-Èkìtì tí ó kà á yóò béèrè pé òkè wo, ta ni ó sì ń lé wọn?

Ìbéèrè méjèèjì yìí ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ tẹ̀ lé. Èrò mi ni pé ní ilẹ̀ tí ó wà láàárín Ìdó, Ìfàkì, Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé, sísá fún ewu kì í ṣe àfiwé nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ohun tí àwọn baba ńlá ṣe ní ti gidi ni, àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ọ́ sì ti gba àwọ̀ lára ohun tí wọ́n rí. Gẹ̀ẹ́sì ń sọ̀rọ̀ nípa ibi tí ènìyàn sá sí. Yorùbá, nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí ó wúwo jù lórí kókó yìí, ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ènìyàn sá tọ̀ lọ, àti ohun tí àwọn méjèèjì jẹ ara wọn lẹ́yìn náà.

Mo mú Ìfàkì gẹ́gẹ́ bí ibùdúró wa nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín. Títì tí ó ti Adó-Èkìtì wá, tí ó gba Ìwòròkó kọjá, máa ń pín ní Ìfàkì. Apá kan á dorí kọ Ìdó àti Ọ̀tùn, apá kejì á dorí kọ Ọyẹ́, Ìkọ̀lé àti Òmùò. Ẹni tí ó bá dúró sí ìkòríta náà lè fi ọwọ́ kan júwe ìhà tí ogun Ìlọrin ti ń wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí ó fi ọwọ́ kejì júwe ìhà tí ogun Núpé ti ń wá, kí ó sì kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà tí Ìbàdàn gbà wọlé.

Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń sọ

Àkànlò èdè wa yìí ní ìyekan. Take cover wà, run for cover sì wà. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ àṣẹ ológun: fi nǹkan sí àárín ara rẹ àti ọta ìbọn. Ògiri ni o, kòtò ni o, igi ni o, ohunkóhun tí ó bá ti lè gba ọta dúró ti tó. Àwọn tí ó gbé ilẹ̀ Ìlà-Oòrùn láàárín ọdún 1967 sí 1970 mọ igbe yìí dáadáa, nítorí òun ni wọ́n ń ké nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú bá yọ. Run for cover fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò lè fà á, ìbọn lè fà á, àṣírí tí ó tú lè mú kí olóṣèlú ṣe é. Èyí tí ó kẹ́yìn, ti orí òkè, ni ẹ̀fẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ jù. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì a máa lò ó fún àlejò tí wọn kò fẹ́ rí, tàbí fún orin tí kò dùn létí. Ẹ̀fẹ̀ náà ṣeé ṣe nítorí pé ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ń sọ ọ́ ti ní láti gun òkè kan nítorí ẹ̀mí rẹ̀.

Èrò inú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀fẹ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ó wà nínú Bíbélì, níbi tí wọ́n ti pàṣẹ fún Lọ́ọ̀tì nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 19 pé kí ó sá lọ sí orí òkè, àti nínú Mátíù orí 24, níbi tí Jésù ti sọ ohun tí àwọn ará Jùdíà yóò ṣe nígbà ìpọ́njú. Ọ̀nà yìí ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ṣáájú ìwé ìròyìn. Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther, tí ó jẹ́ òpó fún ìtumọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, kò kọ́ ọ̀rọ̀ nípa àbò láti inú ìwé atúmọ̀ èdè. Ní 1821, nígbà tí ogun fọ́ Òṣogùn, ìdílé rẹ̀ gbìyànjú láti sá wọ inú igbó. Inú igbó náà ni ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n, tí wọ́n sì fi okùn sí wọn lọ́rùn. Nígbà tí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá jókòó ti ìwé Sáàmù láti wá ohun tí a ó fi pe Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a ń sá tọ̀, kò ní láti wá ọ̀rọ̀ jìnnà. Àbò, àpáta, odi: ogun ti pèsè wọn sílẹ̀. Odi tí ọmọ ìjọ ń kà nínú Sáàmù lónìí bí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lásán jẹ́ amọ̀ tí àwọn baba wọn mọ yí ìlú ká, pẹ̀lú yàrà ní ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí ààbò fún ìṣẹ́jú kan. Ọ̀rọ̀-ìṣe ‘bò’ ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí ó súnmọ́ cover àwọn Gẹ̀ẹ́sì tímọ́tímọ́. Níhìn-ín èdè méjèèjì pàdé. Ibòmíràn ni wọ́n ti pín níyà.

Sá pamọ́ àti sá di

Àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìwà yìí pọ̀: fara pamọ́, forí pamọ́, lúgọ, ba sílẹ̀, sá àsálà, jàjàbọ́, sá pamọ́, sá di. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Lúgọ àti ba kì í ṣe ti ẹni tí ẹ̀rù ń bà nìkan. Ọdẹ a máa ba de ẹran, olè a sì máa lúgọ de olóko. Ẹni tí ó jàjàbọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu tí ó ti dì í mú. Ṣùgbọ́n sá pamọ́ àti sá di ni ó ṣe pàtàkì jù fún wa.

Ẹ wo gírámà wọn. ‘Ó sá pamọ́’ jẹ́ gbólóhùn tí ó pé. Kò béèrè àbọ̀ kankan, kò sì sí ẹlòmíràn nínú rẹ̀ àfi ẹni tí ń sá. ‘Ó sá di’ kò pé. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò dúró de ìyókù: ó sá di ta ni? Ó sá di ọba, ó sá di ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sá di Ọlọ́run. Bí a bá tilẹ̀ fi ohun tí kì í ṣe ènìyàn sí ibẹ̀, bí òkè tàbí igi, ọ̀rọ̀-ìṣe náà á sọ ọ́ di ẹni tí ó lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ìdí nìyí tí ‘wọ́n sá lọ sórí òkè’ àti ‘wọ́n sá di òkè’ kò fi jọ ara wọn rárá. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ wọn gbé wọn dé. Èkejì ń sọ pé òkè náà gbà wọ́n.

Àwọn òwe wa náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Wọ́n ní akínkanjú tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ogun lọ. Òwe yìí ń sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Wọ́n tún ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. A sábà máa ń túmọ̀ rẹ̀ pé ẹni tí a ti kìlọ̀ fún á tètè gbéra. Lójú tèmi, ìtumọ̀ yẹn kò tíì tó. Arọ kò lè sá pamọ́ fúnra rẹ̀. Bí ogun kò bá pa á, a jẹ́ pé ẹnì kan gbé e. Ohun tí ìkìlọ̀ fún un ni àkókò láti rí ẹni tí yóò sá di. Òwe kẹta lòdì sí èyí pátápátá: ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Láàárín arọ tí a gbé àti ẹyẹ tí a kò kìlọ̀ fún ni gbogbo ìtàn tí ó kù nínú àpilẹ̀kọ yìí wà.

Òkè gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a sá di

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, so orúkọ Èkìtì mọ́ òkìtì, nítorí bí ilẹ̀ náà ṣe rí gbágungbàgun. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ Èkìtì ga ju 250 mítà lọ sí ojú òkun, àpáta ńláńlá sì yọrí sókè ní Adó, ní Ìkéré àti ní Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè. Ní Ìkéré, Olósunta kì í ṣe àpáta lásán. Òrìṣà ni, ó ní ọdún tirẹ̀, àwọn ará ìlú sì gbà pé ó dáàbò bo àwọn baba wọn nígbà ogun. Káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ni a ti rí irú èyí. Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830 pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́, wọ́n sì fi abẹ́ òkúta sọ ìlú wọn lórúkọ. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè fún ọ̀pọ̀ ìran, wọn kò sọ̀ kalẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Àwọn orúkọ bí Òkèbùkọ́lá àti Òkèwándé ṣì wà láàárín wa. Kò sí ẹni tí í fi orúkọ ibi tí ó kàn fara pamọ́ sí sọ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìtàn Ìbàdàn ni ó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo wọn. Nínú ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ wọn, nígbà tí ìlú àkọ́kọ́ fọ́, Lágelú àti àwọn tí ó kù sá di òkè kan, èso òro àti ìgbín ni wọ́n sì ń jẹ níbẹ̀. Títí di òní ni wọ́n ń ṣe ọdún Òkè’Bàdàn. Èyí ni pé ìlú tí ó kó ẹ̀rù bá Èkìtì jù lọ nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún jẹ́ ìlú tí ó ń bọ òkè tí ó gbà á là.

Òro àti ìgbín yẹn kọ́ wa ní ohun kan. Òkè lè gbani lọ́wọ́ ọ̀tá, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò sí lórí rẹ̀, omi kì í sì í pọ̀ níbẹ̀. Bí ọ̀tá bá ní sùúrù, tí ó dó sí ìsàlẹ̀, ebi yóò bá a parí iṣẹ́ rẹ̀. Òkè wúlò fún ìgbà díẹ̀, tàbí fún ìlú tí ó ti gbé ibẹ̀ pẹ́ tí ó sì mọ ibi tí omi wà. Fún àwọn tí ogun ń lé lọ́dọọdún, òkè nìkan kò tó.

Ayédé: ìlú tí ìsádi dá sílẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1840 sí 1860, àríwá Èkìtì wà láàárín ẹnu mẹ́ta. Ìlọrin ń ti àríwá ìwọ̀-oòrùn bọ̀, Núpé ń ti ìhà Yàgbà àti Àkókó bọ̀, Ìbàdàn sì ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn bọ̀. Ìlú kéékèèké ni ó pọ̀ níbẹ̀, ọba kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agbègbè tirẹ̀. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò lè dá ogun Ìlọrin dúró, wọn kò sì lè máa gun òkè ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní àkókò yìí ni jagunjagun kan tí ń jẹ́ Èṣùbíyìí kó àwọn ènìyàn Ìyè tí ogun ti fọ́ jọ, tí ó sì tẹ Ayédé dó, ìlú tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọyẹ́ lónìí. Kì í ṣe àwọn ará Ìyè nìkan ni ó gbà. Àwọn tí ogun lé kúrò ní agbègbè Ìkọ̀lé àti ní ibòmíràn wá bá a, wọ́n sì di àdúgbò àdúgbò nínú ìlú náà. Wọ́n mọ odi. Èṣùbíyìí fi oyè Àtá jọba. Bí a bá gbọ́ orúkọ ìlú náà bí ó ṣe ń dún sí etí, ayé ni ó dé, ó sì dé ní tòótọ́ fún ẹni tí ó ti ń sun inú igbó.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí gírámà wa. Ẹni tí ó sá di ẹlòmíràn ti ní olúwa. Àwọn tí ó wọ inú odi Ayédé bọ́ lọ́wọ́ Ìlọrin, wọ́n sì bọ́ sábẹ́ ọba ológun tí agbára rẹ̀ ju ti ọba Èkìtì àtijọ́ lọ, nítorí pé ọba Èkìtì àtijọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ti ìjòyè, ṣùgbọ́n Àtá ni ó ni odi. Andrew Apter, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó kọ Black Critics and Kings ní 1992 lórí Ayédé, fi hàn bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wà nínú ìjọsìn òrìṣà. Yemọja jẹ́ ti ọba. Àwọn àdúgbò tí ó wá sá di í gbé òrìṣà tiwọn dání, wọn kò sì fi í sílẹ̀. Nínú ọdún àwọn òrìṣà wọ̀nyí ni wọ́n ti ń pa ìtàn mọ́ pé àwọn náà ti ní ìlú, àwọn náà ti ní adé, kí ogun tó mú wọn débẹ̀. Èyí dára ní ojú mi. Ẹni tí ó sá pamọ́ kò ní nǹkan tí yóò rántí ju ẹ̀rù lọ. Ẹni tí ó sá di ẹlòmíràn ń rántí ìgbà tí kò tíì sá.

Nígbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ìlú tí Ayédé ti ń pàṣẹ lé lórí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdáǹdè wọn, wọ́n sì rí i gbà. Ogun ti parí. Gbèsè ìsádi sì ti pé san.

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó tóbi ju èyí lọ. Nígbà tí Ìlọrin ń fìtínà wọn, àwọn ìlú Èkìtì kan ké sí Ìbàdàn fún ìrànlọ́wọ́. Ìbàdàn wá. Ó lé Ìlọrin, kò sì padà sílé. Ó fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú kọ̀ọ̀kan, ajẹ́lẹ̀ sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń fi ọwọ́ pa ìdà àwọn ará ìlú lójú. Kò sí àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì nípa ìbò tí ó lè gbé èyí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ògiri tí o sá sí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní béèrè owó orí lọ́wọ́ rẹ.

Láti ìsádi sí ìparapọ̀

Ní 1878, Fábùnmi ní Òkè-Ìmẹ̀sí kọjú ìjà sí àwọn ènìyàn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, iná sì ràn. Ìtàn ogun tí ó tẹ̀ lé e ti di mímọ̀ dáadáa, pàápàá nínú iṣẹ́ S. A. Akíntóyè tí ó jáde ní 1971, nítorí náà n kò ní tún un sọ. Orúkọ tí wọ́n fún ara wọn ni mo fẹ́ kí a wò. Wọn kò pe ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn ní orúkọ olórí kan, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò pè é ní orúkọ òkè tí wọ́n dó tì. Èkìtìparapọ̀ ni wọ́n pè é. Para pọ̀ kò ní onílé, kò sì ní àlejò. Ẹni tí ó sá di ń wá ẹni tí yóò bò ó. Àwọn tí ó para pọ̀ ń bo ara wọn. Lẹ́yìn ìran kan tí ìsádi ti sọ wọ́n di ẹrú ajẹ́lẹ̀, àwọn ọba àti balógun Èkìtì, pẹ̀lú Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà àti Àkókó, wá ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn. Ògèdèǹgbé tí wọ́n fi ṣe olórí ogun kì í ṣe ọmọ Èkìtì rárá. Ọmọ Iléṣà ni. Ìlọrin gan-an, tí wọ́n ti ń sá fún, di alájọṣe wọn nínú ogun náà.

Òkè kò kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà o. Láàárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ, ibi tí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì dó sí, òkè ni ó yí wọn ká, ìró ohun ìjà láàárín àwọn òkè wọ̀nyẹn ni wọ́n sì gbọ́ bí ‘kírìjì’ tí ogun náà fi ń jẹ́ orúkọ. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sílé, irú èyí tí a ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn, tí ó yá ju ṣakabùlà lọ tí ó sì ń lọ jìnnà. Èyí yí ìtumọ̀ ìfarapamọ́ padà. Níwájú ṣakabùlà, ènìyàn lè sún mọ́ ọ̀tá kí ó tó wá ibi fara pamọ́ sí. Níwájú ìbọn tuntun, kò sí ààyè bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn, tí wọ́n ti máa ń lé ẹni, wá mọ ohun tí à ń pè ní fífi ilẹ̀ bora. Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ní 1885. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní September 1886, ṣùgbọ́n ibùdó náà kò tú pátápátá títí di 1893.

Ní àríwá, àlàáfíà tún pẹ́ díẹ̀ sí i. January 1897 ni ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà, ó wọ Ìlọrin ní February. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀pọ̀ ìlú rí ìdí láti sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, níbi tí ọjà wà, tí ilé ìwé àti ilé ìjọsìn sì wà. Láàárín ìran kan tàbí méjì, orí òkè di ibi tí a ń lọ ṣe ọdún.

Ọ̀rọ̀ náà sì yí padà pẹ̀lú wọn. Ní Èkó, ‘ará òkè’ di ẹni tí ó ti inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún wá, tí ojú rẹ̀ kò tíì là. Ẹ̀gàn ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Aṣọ òkè tí gbogbo wa ń wọ̀ ròde ìgbéyàwó lónìí, ẹ̀gàn yìí kan náà ni ó ti gba orúkọ, aṣọ àwọn ará òkè, kí ó tó di ohun iyì. Mo máa ń rò ó pé ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ‘ará òkè’ bú ènìyàn kò tíì bi í léèrè rí pé kí ni ó gbé baba rẹ̀ dé orí òkè.

Òkè àti igbó lónìí

Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ èdè fún àwọn ará Ìfàkì ní ọ̀rúndún yìí ní ìṣòro mìíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà tún ti yí padà lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì yí sí ibi tí ó dára.

Ní ọjọ́ 29 oṣù January 2024, àwọn agbébọn dá àwọn ọba kan lọ́nà ní àríwá Èkìtì bí wọ́n ṣe ń ti ìrìn-àjò bọ̀. Wọ́n pa Onímọ̀jọ ti Ìmọ̀jọ àti Elésùn ti Èsùn. Ọba kẹta bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ kan náà, ní Ẹ̀múré-Èkìtì, wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ìwé gbé pẹ̀lú àwọn olùkọ́ wọn nínú ọkọ̀ tí ń gbé wọn lọ sílé. Àwọn ọmọ náà padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Àwọn ọba méjèèjì kò padà.

Nínú èdè tí a ti ń tú palẹ̀ bọ̀ láti òkè wá, ọba ni ẹni tí a ń sá di. Òun ni àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Nígbà tí ọta ìbọn bá dé ọ̀dọ̀ ọba lójú títì, gbólóhùn ‘ó sá di ọba’ pàdánù ohun tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Igbó àti òkè ńkọ́? Àwọn ajínigbé ni ó ń lúgọ síbẹ̀. Ọdẹ àti àwọn òṣìṣẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù dá sílẹ̀ ní 2020, ni wọ́n ń wọ igbó lọ wá wọn. Ohun tí ó jẹ́ ibi ìsádi fún ẹni tí ogun ń lé ti di ibùba fún ẹni tí ń lé ènìyàn. ‘Ètò ààbò’ wà lẹ́nu gbogbo olóṣèlú, ‘bò’ sì wà nínú rẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó ní oko lẹ́bàá igbó Ìkọ̀lé kò rí ẹni tí ó bò ó.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé run for the hills lé mi lọ́wọ́ láti tú sí Yorùbá, ohun tí n ó ṣe yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Fún ti àwọn olùdókòwò àti náírà, ‘wọ́n kó owó wọn sá’ ti tó, òkè kò ní ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀. Fún ti Lọ́ọ̀tì àti àwọn ará Jùdíà, ‘sí orí òkè’ ni, kí ó sì dúró bí ó ṣe wà, nítorí òkè gidi ni. Fún ìwé ìtàn nípa Ìkéré tàbí Ìdànrè, n ó kọ ‘wọ́n sá di òkè’, n ó sì retí pé kí òǹkàwé gbọ́ ẹ̀bẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìkìlọ̀ tí a fẹ́ kà lórí rédíò fún àwọn tí ń wa ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láti Ìfàkì sí Òmùò, òkè kò gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀ rárá. ‘Ẹ sá pamọ́’ kò tọ́, nítorí inú igbó ni ọ̀nà ìpamọ́ wà, inú igbó sì ni àwọn tí à ń sá fún wà. Ohun tí àwọn awakọ̀ fúnra wọn ń sọ ni n ó kọ: ẹ sá wọ ìlú. Ìlú èyíkéyìí tí ó bá ti kàn, Ọyẹ́ ni o, Ìkọ̀lé ni o, kí wọ́n kan ilẹ̀kùn ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rí iná nílé rẹ̀.